Ìbọn Tí Kò Ṣeé Fi Pamọ́: Oǹdó, Àkúrẹ́ àti Ìbọn Ìléwọ́

Ìbọn ìléwọ́ kékeré, irú èyí tí ènìyàn lè tì bọ àpò ṣòkòtò kí ẹni tó jókòó tì í má mọ̀, àlejò ni ní Oǹdó àti Àkúrẹ́. Ìbọn tí ìlú méjèèjì fi jagun, tí wọ́n fi ṣọdẹ, tí wọ́n ń yìn níbi òkú àgbà, gígùn ni. Èjìká ni wọ́n ń gbé e kọ́, gbogbo ayé ló sì ń rí i. Láti nǹkan bí igba ọdún tí ìbọn ti wọ àgbègbè náà, kékeré rẹ̀ kò rí àyè jókòó sí nínú àṣà, kò sì rí àyè nínú òfin. Ọ̀nà tí ìbọn gbà wọlé wà lára ohun tó fà á, bẹ́ẹ̀ náà ni irú ìbọn tí àwọn òyìnbó fẹ́ tà, àti ohun tí àwọn ará ìlú gbà pé ó yẹ kí ọkùnrin fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ.

Àwọn Potogí ló kọ́kọ́ gbé ìbọn dé etí òkun ìhà Benin ní ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ tà á. Òfin ìjọ Páàdì nígbà náà ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta ohun ìjà fún ẹni tí kì í ṣe Kristẹni. Ní 1514, ọba Benin rán ikọ̀ lọ bá Ọba Manuel ní Portugal, ohun ìjà sì wà lára ohun tí wọ́n lọ tọrọ. Èsì tí wọ́n gbé bọ̀ wálé ni pé kí ọba kọ́kọ́ gba ẹ̀sìn Kristi ná. Ìgbà tí àwọn ará Holland àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì dé, àwọn tí kò bìkítà irú òrìṣà tí oníbàárà wọn ń bọ, ni ìbọn tó di ọjà tí wọ́n ń tà bí ẹní ta iyọ̀. Benin wá di ìlú tó ní ìbọn lọ́wọ́, Àkúrẹ́ sì wà nítòsí rẹ̀, ó ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún un. Ní nǹkan bí 1818, Àkúrẹ́ ṣọ̀tẹ̀, wọ́n pa ikọ̀ tí Benin rán wá. Ọba Osemwende kó ogun tì wọ́n, wọ́n mú Déjì Arákálẹ̀, ọba Àkúrẹ́, wọ́n sì pa á. Ọ̀kan nínú àwọn òpópónà tí èrò ti ń pọ̀ jù láàárín Àkúrẹ́ ń jẹ́ orúkọ Arákálẹ̀ títí dòní.

Ní ilẹ̀ Yorùbá tó kù, ogun Òwu ní àwọn ọdún 1820 ni ìtàn máa ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ogun tí ìbọn ti kọ́kọ́ fi agbára rẹ̀ hàn. Idà agedengbe ni àwọn ọmọ Òwu fi ń jà, wọ́n máa ń sáré wọ inú ọ̀tá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá wọn. Àwọn Ìjẹ̀bú tí wọ́n dojú kọ wọ́n ti ń ra ìbọn létí ọ̀sà, wọn kò sì jẹ́ kí ẹni tó mú idà sún mọ́ wọn. Láti ìgbà náà, jagunjagun tí kò bá rí ọ̀nà tó lọ sí etí omi kò ní ọ̀nà tó lọ sí ibi ìṣẹ́gun. Bí ọ̀rọ̀ Oǹdó ṣe wọ ìtàn ìbọn nìyẹn.

Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ló jókòó sí ẹnu ọ̀nà láàárín Èkó àti ìlú òkè. Bí wọ́n bá bínú, wọ́n á ti ọ̀nà, iyọ̀ á wọ́n, ẹtù á sì tán nínú àgbá. John Glover, tó ń ṣàkóso Èkó fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wá ọ̀nà mìíràn tí kò ní í kọjá níwájú àwọn méjèèjì. Ọ̀nà náà gba ojú ọ̀sà lọ síhà ìlà-oòrùn dé Atijẹrẹ, ó gba Ayésàn ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ó wọ inú igbó kìjikìji lọ sí Òde-Oǹdó, láti ibẹ̀ ó kọjá sí Òkè-Igbó, Ifẹ̀ àti Iléṣà. Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: Òde-Oǹdó ti di ahoro. Ìjà abẹ́lé àti ogun ti tú ìlú náà ká fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ará ìlú sì ti fọ́n sí abà àti ìlú kéékèèké. Ní 1872, Glover rán Kápítéènì Goldsworthy lọ pẹ̀tù sí aáwọ̀, Òṣemàwé, ọba Oǹdó, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì padà sílé. Àlàáfíà ọjà ni ìjọba Èkó ń wá. Bí ìlú bá wà níbẹ̀, ilé ìsinmi á wà fún aláàárù, ẹni tó ń ṣọ́ ọ̀nà á wà, oníbodè tó ń gba owó á sì wà pẹ̀lú.

Lórí ọ̀nà yìí ni iyọ̀, aṣọ, ọtí, ìbọn àti ẹtù ti ń gòkè lọ, tí epo àti ẹ̀kùrọ́ sì ń sọ̀ kalẹ̀ wá. Charles Phillips tí ìjọ CMS rán wá sí Oǹdó ní 1877 bá ọ̀nà náà níbi tí ó ti ń gbóná. Òkè-Igbó tó wà lójú ọ̀nà kan náà ni wọ́n bí D. O. Fágúnwà sí ní 1903, kò sì yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé Àkàrà-Ògùn, ọdẹ inú ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, kò lọ sí igbó láìmú ìbọn àti oògùn dání.

Ẹ̀ẹ̀kan tí ọ̀nà Oǹdó ṣe ohun tí Glover lè má rò tẹ́lẹ̀ ni ìgbà ogun Kírìjí. Ní 1878, Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí gbé idà sí ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì para pọ̀ lábẹ́ Ọ̀gẹ́dẹ̀ǹgbé. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó, ọ̀pọ̀ nínú wọn ọmọ ẹrú tó ti Sàró dé, dá owó jọ, wọ́n sì ra ìbọn irú èyí tí Ìbàdàn kò tíì rí: Snider àti Martini-Henry, tí wọ́n ń ki ọta sí láti ẹ̀yìn dípò ẹnu. Ọ̀nà Oǹdó ni wọ́n ń gbà gbé e lọ sí bùdó. Fún ọdún bíi mélòó kan, ṣakabùlà ni Ìbàdàn fi ń dá ọta yẹn lóhùn. Phillips kan náà ló lọ bá àwọn Èkìtìparapọ̀ sọ̀rọ̀ àlàáfíà, tí Samuel Johnson sì lọ sí bùdó Ìbàdàn. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ní 1886, ṣùgbọ́n bùdó kò tú títí di 1893.

Ó yẹ kí a wo ṣakabùlà fúnra rẹ̀ dáadáa, nítorí òun ni ìbọn tó wà nílé ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́yìn tí ogun parí. Bí wọ́n bá gbé e nàró lórí ìdí rẹ̀, ẹnu rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àgbọ̀n ẹni tó ni ín. Ẹtù ni wọ́n ń dà sí i lẹ́nu, wọ́n á fi èérún tàbí àkísà dí i, wọ́n á fi ọ̀pá irin kì í mọ́lẹ̀, wọ́n á wá da ọta sí i, wọ́n á tún kì í. Ẹtù díẹ̀ á wà létí níbi tí òkúta iná á ti ṣá. Bí òjò bá rọ̀, ìbọn di ọ̀pá ìtìlẹ̀ lásán. Bí ó bá dún, èéfín á bo ẹni tó yìn ín, ẹran tí kò kú á sì ti dé òdìkejì odò kó tó tún kì í tán. Kò sí agbádá tó fẹ̀ tó tí ènìyàn lè fi bò ó. Ẹni tó bá mú ṣakabùlà jáde ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé òun mú ìbọn jáde.

Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n ti ń rọ ọ̀pọ̀ nínú ìbọn ọjà wọ̀nyí fún Áfíríkà. Liège yìí gan-an ló tún wọ ìtàn ìbọn àpò. Ní Amẹ́ríkà, Henry Deringer ti Philadelphia ti ń ṣe ìbọn kékeré kan tó ń bọ́ sínú àpò ẹ̀wù, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni John Wilkes Booth sì fi yìnbọn lu Ààrẹ Lincoln ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin 1865. Ọta kan ṣoṣo ló máa ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Ní 1906, ilé iṣẹ́ FN ní Herstal, tó wà létí Liège, bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìbọn tí John Browning ọmọ Amẹ́ríkà yàwòrán rẹ̀: kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà 11 àti díẹ̀ lọ, kò wúwo tó ìdajì kílò, ọta 6.35 mm mẹ́fà ló ń gbà, àpò inú kóòtù ni wọ́n sì ṣe é fún. Nítorí náà, àgbègbè kan náà tó ti ń rọ ìbọn gígùn fún àwọn ọdẹ Áfíríkà ló ń rọ èyí tó tó àtẹ́lẹwọ́ fún àwọn oníṣòwò Paris àti Brussels. Kò sí ohun ìyanu nínú pé irú kejì kò bá ọjà wọ̀nyẹn dé Oǹdó. Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje 1890, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti fọwọ́ sí ìwé kan ní Brussels pé àwọn kò ní í jẹ́ kí ìbọn ìgbàlódé wọ ilẹ̀ Áfíríkà láti ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà títí fẹ́rẹ̀ẹ́ dé gúúsù. Ìbọn olókúta iná tí inú ọ̀pá rẹ̀ ń dán àti ẹtù ọjà ni wọ́n yọ sílẹ̀. Ìwé náà sọ pé nítorí òwò ẹrú ni. Ẹni tó bá rántí ohun tí Snider ṣe ní Kírìjí lè fi ìdí mìíràn kún un.

Láti ìgbà náà, ìbọn ìléwọ́ ní ìhà yìí di àmì àwọn tó ń ṣàkóso. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ní in, ọ̀gá ọlọ́pàá ní in, ọ̀gá ṣọ́jà ní in. Àwọn náà kì í fi pamọ́: nínú àpò awọ ní ìbàdí ló wà, níbi tí ojú gbogbo ènìyàn ti lè dé ibẹ̀.

Èyí kò túmọ̀ sí pé ọkùnrin Oǹdó tàbí Àkúrẹ́ kì í gbé ohunkóhun sábẹ́ aṣọ. Ó ń gbé e, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbọn. Ońdè tí wọ́n fi awọ rán, tí wọ́n so mọ́ ọrùn tàbí tí ó rọ̀ mọ́ ìhà. Ìgbàdí ní ìbàdí. Ìfúnpá ní apá. Ayẹta tó yẹ kí ó mú ọta yà lẹ́bàá ara. Gbérí ọdẹ máa ń kún fún àdó àti awọ tó fi jẹ́ pé ẹ̀wù náà fúnra rẹ̀ di ohun ìjà. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé ọ̀tá ń lépa òun kì í lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ pé kó bá òun gé ìbọn kúrú, ọ̀dọ̀ oníṣègùn ló ń lọ. Ìbọn jẹ́ ti ìta, ààbò jẹ́ ti inú. Bóyá ayẹta ń ṣiṣẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, nítorí iye ọkùnrin tó ti kú níbi tí wọ́n ti ń dán an wò kò kéré, ìwé ìròyìn kì í sì í pẹ́ kó tó tún gbé irú rẹ̀ jáde.

Ògún náà kò fẹ́ ìbọn tó dákẹ́. Ní Oǹdó, ọdún Ògún jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọdún ńlá tí Jacob Olúpọ̀nà kọ nípa wọn nínú ìwé rẹ̀ ti 1991 lórí ọdún àti ìjọba ní ìlú náà. Ọdẹ, alágbẹ̀dẹ, awakọ̀ àti mẹkáníìkì ló ń jáde fún un, gbogbo ẹni tí irin ń bọ́. Màrìwò á wà lára ọkọ̀, ajá á wà fún Ògún, ìbọn á sì máa dún. Bákan náà ló rí níbi òkú ọdẹ: ìró ìbọn ló ń sọ fún ìlú pé ọ̀kan nínú wọn ti lọ, ohun èlò rẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń gbé jáde nígbà tí wọ́n bá ń ṣípà rẹ̀. Níbi òkú olóyè tàbí àgbà, ẹtù ni wọ́n ń yìn láìsí ọta nínú. Ìbọn àpò, tí ìró rẹ̀ dà bí ìgbà tí ènìyàn ṣẹ́ igi gbígbẹ, kò wúlò fún èyíkéyìí nínú iṣẹ́ wọ̀nyí.

Nígbà tí òmìnira ń bọ̀, àwọn aṣòfin kó gbogbo ọ̀rọ̀ náà sínú Òfin Ìbọn ti 1959, tí ó ṣì jẹ́ ìpìlẹ̀ títí dòní. Àtẹ tó wà lẹ́yìn òfin náà pín ìbọn sí abala mẹ́ta. Nínú abala kìíní ni àgbá ogun, rọ́kẹ́ẹ̀tì, bọ́ǹbù, ìbọn arọ̀jò-ọta àti ìbọn ológun wà. Ẹnikẹ́ni kò lè ní wọn àfi bí olórí ìjọba àpapọ̀ bá fúnra rẹ̀ fún un láṣẹ. Abala kejì ni ìbọn ọdẹ onígbàlódé àti ìbọn oníafẹ́fẹ́, tí ìwé àṣẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá. Abala kẹta ni ṣakabùlà, ìbọn olókúta iná àti ìbọn oníkápù, tí àṣẹ tirẹ̀ rọrùn jù lọ láti gbà. Ìbọn ìléwọ́ wà nínú abala kìíní, ní ìtòsí bọ́ǹbù. Àwọn tó kọ òfin náà kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ihò yọ jáde, nítorí wọ́n kọ ọ́ ní pàtó pé ìbọn ìléwọ́ olókúta iná àti oníkápù pàápàá wà níbẹ̀.

Ibi tó yẹ kí ènìyàn dúró wò nìyí. Ìbọn gígùn olókúta iná àti ìbọn ìléwọ́ olókúta iná, ẹtù kan náà ni wọ́n ń jẹ, òkúta kan náà ló ń ṣáná sí wọn, ọwọ́ kan náà ló ń kì wọ́n. Bí ó bá jẹ́ ti agbára láti pani, gígùn lè borí kékeré. Síbẹ̀ ọ̀kan wà lọ́dọ̀ ọdẹ abúlé, èkejì wà lọ́dọ̀ Ààrẹ. Gígùn nìkan ló pín wọn níyà, ohun tí gígùn sì ń ṣe ni pé kò jẹ́ kí ìbọn ṣeé fi pamọ́. Òfin òyìnbó àti òye àwọn àgbà Oǹdó pàdé síbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò jọ jókòó sọ ọ́.

Kódà fún ìbọn tó ṣeé gbà, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni òfin náà gbà láyè. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 17, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ọ̀mùtí, àti ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ọ̀ràn ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn, kò gbọdọ̀ rí ìwé gbà. Ṣíṣe ìbọn nínú àgbẹ̀dẹ aládàáni tún jẹ́ èèwọ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Ogun abẹ́lé ọdún 1967 sí 1970 ló da omi sí gbogbo ètò yìí. Ìbọn àwọn ológun bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí kò yẹ, adigunjalè sì pọ̀ lójú ọ̀nà. Ìjọba ológun gbé òfin ìdigunjalè jáde ní 1970, ikú ni ìjìyà rẹ̀. Ní Bar Beach ní Èkó, ní oṣù Kẹsàn-án 1971, wọ́n yìnbọn pa Ishola Oyenusi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níṣojú ọ̀pọ̀ èrò. Lábẹ́ irú òfin yẹn tí wọ́n tún ṣe ní 1984, ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn mọ́ lọ́wọ́ láìgbàṣẹ lè fi ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10 jura, tàbí kí ó san ₦20,000, tàbí kí ó jìyà méjèèjì. Owó gidi ni ₦20,000 nígbà náà. Lónìí kò tó ra àpò ìrẹsì kan.

Lẹ́yìn ìgbà yìí ni ìbọn ìléwọ́ wá dé Oǹdó àti Àkúrẹ́ nítòótọ́, ṣùgbọ́n ojú òru ló gbà wọlé. Àgbélẹ̀rọ ni wọ́n ń pè é, ohun tí àwọn alágbẹ̀dẹ kan ń fi irin àlòkù ṣe ní ìkọ̀kọ̀, tí kì í dúró déédéé, tí ó sì lè fọ́ mọ́ ẹni tó yìn ín lọ́wọ́. Àwọn ọlọ́ṣà fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó ń bọ́ sínú àpò. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn, tí ìjà wọn ti gba ẹ̀mí púpọ̀ ní ìlú méjèèjì, gbà á lọ́wọ́ wọn. Òun ló sábà máa ń wà lórí tábìlì nígbà tí ọlọ́pàá bá ń ṣàfihàn àwọn afurasí níwájú àwọn oníròyìn. Kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀rọ̀ fi dà báyìí. Ní oṣù Kẹjọ 1983, nígbà tí èsì ìbò gómìnà dá rògbòdìyàn sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí ọ̀pọ̀ ilé jóná ní Àkúrẹ́ tí ènìyàn sì kú, bẹntiróòlù àti àdá ni ohun ìjà tí àwọn tó rí i ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù.

Ọmọ Oǹdó tó bá kúrò nílé lè bá òfin mìíràn pàdé. Ní Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́yìn tí ọkùnrin kan yìnbọn pa àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Dunblane ní 1996, òfin 1997 gba ìbọn ìléwọ́ kúrò lọ́wọ́ aráàlú fẹ́rẹ̀ẹ́ pátápátá. Ní Houston, níbi tí Yorùbá pọ̀ sí, ọ̀rọ̀ yí padà: láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án 2021, Texas ti gbà kí ọ̀pọ̀ ẹni tó ti pé ọdún 21 gbé ìbọn ìléwọ́ kiri láìgba ìwé àṣẹ. Ẹni tí ń gbé ibẹ̀ tó bá ti mọ́ lára láti ní ìbọn kékeré lábẹ́ ẹ̀wù gbọ́dọ̀ mọ̀ pé bí ó bá gbé e dé Àkúrẹ́, bí ẹni gbé bọ́ǹbù ni òfin 1959 ń wò ó.

Àríyànjiyàn tó wáyé ní 2022 kò dá lórí ìbọn àpò, lórí èyí tó tóbi jù ú lọ ni. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kìíní 2020, àwọn gómìnà ìwọ̀-oòrùn gúúsù dá ẹ̀ṣọ́ ààbò Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní Ìbàdàn, Rótìmí Akérédolú tó ń ṣe gómìnà Oǹdó nígbà náà sì fọwọ́ sí òfin ti ìpínlẹ̀ rẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún náà. Àkúrẹ́ ni olú iléeṣẹ́ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ náà wà. Lẹ́yìn tí àwọn apànìyàn wọ ṣọ́ọ̀ṣì Francis Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà 2022, tí ènìyàn tó lé ní 40 kú, Akérédolú ní kí ìjọba àpapọ̀ gbà kí Àmọ̀tẹ́kùn lo AK-47. Ó bínú nígbà tí ó rí i pé àwọn ẹ̀ṣọ́ kan ní Katsina ń gbé e kiri, ìjọba àpapọ̀ sì dáhùn pé kò sí ìpínlẹ̀ kankan tí òun fún láṣẹ bẹ́ẹ̀. Ọta 7.62 mm ni AK-47 ń lò, irú rẹ̀ sì wà nínú abala kìíní àtẹ 1959, ibi kan náà tí ìbọn ìléwọ́ wà. Ìbọn ọdẹ àti ṣakabùlà ni àwọn Àmọ̀tẹ́kùn gbé wọ igbó Oǹdó láti ìbẹ̀rẹ̀.